iPhone 11 tòkunbọ̀: ìwọ̀n méjì ni kí ẹ gbé e sí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹsẹ̀ yín kò ní tíì kan òpópónà Otigba dáadáa ní Computer Village n'Íkẹjà tí ẹ ó ti máa gbọ́ ọ: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo iPhone. Eléyìí ò lálèébù kankan, UK used ni.” Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí ju iye tí mo lè kà lọ, mi ò sì tíì rí tòkunbọ̀ tí kò lálèébù. Àléébù kan wà tí a lè bá gbé, òmíràn wà tó yẹ kó dín owó, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá ti rí i, ẹ kí ọlọ́jà kí ẹ máa lọ.

iPhone 11 ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun làwọn èèyàn ń bi mí léèrè jù. Apple gbé e jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, wọ́n sì dáwọ́ títà rẹ̀ dúró ní 2022. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé e fún yín lónìí nínú páálí tí wọ́n lẹ̀ pa, tó ní “brand new” ni, ẹ fura. Fóònù tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n wá wọ aṣọ tuntun fún, ló sábà máa ń jẹ́.

Ìwọ̀n méjì ni ẹ máa lò. Èkíní, ilé ni ẹ ti máa lò ó: ṣé irú fóònù yìí bá bí mo ṣe ń gbé mu? Ìkejì di ṣọ́ọ̀bù: ọ̀kan yìí gan-an tó wà lọ́wọ́ mi, kí lojú rẹ̀ ti rí kó tó dọ́dọ̀ mi? Èkíní nìkan lọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Wọ́n á wo fídíò lórí YouTube, wọ́n á há gbogbo agbára rẹ̀ sórí, wọ́n á wá lọ ra èyí tí wọ́n ti tú palẹ̀ nígbà mẹ́ta.

Kí ẹ tó jáde nílé: ẹ kọ àná sílẹ̀

Ẹ mú bébà. Ẹ kọ bí ẹ ṣe lo fóònù láná, láti ìgbà tí ẹ jí títí ẹ fi sùn. Wákàtí mélòó ni iná fi wà? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ gba iná sí i? Síìmù mélòó ló wà níbẹ̀? Àwòrán tàbí fídíò mélòó lẹ yà? Àná gan-an ni kí ẹ kọ o, ẹ má kọ ọjọ́ tí ẹ ń retí.

Aránṣọ tó ń ya gbogbo ohun tó bá rán nílò ibi ìpamọ́ àti kámẹ́rà. Ẹni tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù kiri, tí àwòrán ojú ọ̀nà kì í kúrò lójú fóònù rẹ̀ látàárọ̀, bátìrì ni tirẹ̀. Ẹni tó ń fi síìmù kan gba ìpè, tó ń fi ìkejì gba alẹ́ẹ̀tì báǹkì, ọ̀rọ̀ síìmù ni kó kọ́kọ́ bèèrè. Fóònù kan náà lè jẹ́ ọlọ́lá fún ẹnì kan, kó di wàhálà fún ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń gbé ní pálọ̀ kan ṣoṣo.

Ìwọ̀n kìn-ín-ní: irú fóònù náà

Ọpọlọ rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ yìn. Ẹ̀rọ tí Apple pè ní A13 ló wà nínú rẹ̀, ó sì lágbára débi pé lónìí náà, WhatsApp, áàpù báǹkì àti TikTok kì í mú un pòòyì. Nígbà tí iOS 26, ètò tó ń darí iPhone, jáde ní oṣù kẹsàn-án 2025, Apple já iPhone XR àti XS sílẹ̀, ṣùgbọ́n 11 ṣì rí i gbà. Fóònù 2019 tó ń gba ọ́pùdéètì 2025, nǹkan ńlá ni. Àmọ́ ẹ yí ọ̀rọ̀ náà sódì wò: nínú gbogbo iPhone tó rí iOS 26 gbà, kò sí èyí tó dàgbà ju 11 àtàwọn àbúrò rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ jáde, 11 Pro àti 11 Pro Max. Wọ́n ti wà ní ìdí ìlà. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún gé ìlà náà, ẹ mọ ẹni tó kàn.

Kámẹ́rà ẹ̀yìn rẹ̀ méjì, 12 megapixel ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń ya bí ojú ṣe ń rí, ìkejì ń ya fẹ̀, tí gbogbo ìdílé fi lè wọ àwòrán kan nínú pálọ̀ kékeré láìsí pé ẹnikẹ́ni fẹ̀yìn ti ògiri. Ọdún rẹ̀ náà ni Apple bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń mú àwòrán alẹ́ mọ́lẹ̀. Fídíò rẹ̀ dé 4K, títí kan kámẹ́rà iwájú, ìyẹn sì wúlò fún ẹni tó ń polówó ọjà lórí Instagram. Ohun tí kò ní ni lẹ́ńsì tó ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra. Bí ẹ bá jókòó sẹ́yìn lóde àríyá tí ẹ fẹ́ ya ọlọ́jọ́ ìbí lórí ìtàgé, ojú rẹ̀ á ṣú bàìbàì.

Ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ dùn mọ́ mi. LCD ni, ó fẹ̀ ní ínṣì 6.1, òǹkà pixel, àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán ojú rẹ̀, jẹ́ 1792 sí 828, èyí tó kéré sí ti ọ̀pọ̀ Android tí owó rẹ̀ kò tó tirẹ̀. Àwọn tó ń yẹ fóònù wò nílùú òyìnbó bá a wí gidigidi nítorí èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti já fóònù lulẹ̀ lórí símẹ́ńtì rí, tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà, mọ̀ pé owó tí a fi ń pààrọ̀ LCD kéré gan-an sí owó OLED tó wà lójú 11 Pro. Ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn lọ́hùn-ún, ó di àánú níbí.

Bátìrì ni ibi tí ẹ ti máa jókòó ro ó dáadáa. 3110 mAh ló wà nínú rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, nígbà tó jẹ́ pé 5000 ló wọ́pọ̀ lára Tecno, Infinix àti Redmi tuntun. Ẹ fi ọjọ́ orí bátìrì kún un, ẹ fi ìwà NEPA kún un. Ṣájà tó bá a wá nínú páálí ní 2019 jẹ́ wọ́ọ̀tì 5, ìgbín ni. Bí ẹ bá fi ṣájà wọ́ọ̀tì 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i, Apple ní á dé ìdajì ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Fún ẹni tí iná ń wà fún ní wákàtí méjì lóòjọ́, ìyàtọ̀ ṣájà méjèèjì yìí ju ìyàtọ̀ iPhone 11 àti 12 lọ, lójú tèmi. Ẹ rántí pé ẹnu Lightning ló ní. Okùn tó ń wọ Android ọmọ ilé yín kò ní wọ̀ ọ́.

Kò sí ibi tí ẹ lè ki mẹ́mọ́rì káàdì sí. 64GB, 128GB tàbí 256GB ni wọ́n ṣe é, èyí tí ẹ bá rà lẹ rà. Fídíò 1080p ìṣẹ́jú kan ń jẹ nǹkan bí 60MB. Bí ẹ bá gbé e dé 4K tó ń sáré jù, ìṣẹ́jú kan á jẹ 400MB. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, aránṣọ ni n'Íbàdàn, ra 64GB nítorí pé owó rẹ̀ dín díẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́fà tó fi ń pa àwòrán aṣọ oníbàárà àná rẹ́ kó lè rí àyè ya tòní. iCloud ọ̀fẹ́, ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Apple ń fúnni, kò ju 5GB lọ. Bó bá jẹ́ èmi, 128GB tó ti họ díẹ̀ lára ni màá mú dípò 64GB tó ń dán.

Síìmù kan péré ló ń wọ ọ́, ìkejì jẹ́ eSIM, síìmù inú fóònù tí kò ní káàdì, èyí tí MTN àti Airtel ń ṣe fún oníbàárà wọn. Àfi èyí tí wọ́n ṣe fún Ṣáínà àti Hong Kong, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ A2223: síìmù méjì ló ń wọ ìyẹn. Kò ní 5G. MTN gbé 5G wọ Nàìjíríà ní 2022, Airtel tẹ̀lé e ní 2023, ṣùgbọ́n níbi tí 4G gan-an bá ṣì ń wọ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ 5G gba oorun lójú yín.

Ẹ gbé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀

Ẹ bèèrè Android tuntun tí iye owó wọn jọ bá dọ́gba. Ẹ máa rí bátìrì tó tóbi, síìmù méjì, ibi mẹ́mọ́rì káàdì nínú ọ̀pọ̀ wọn, àti wárántì gidi. Bí ẹ bá fẹ́ tà á lọ́dún tó ń bọ̀, owó iPhone kì í já bọ́ bíi ti wọn, fídíò rẹ̀ sì sábà máa ń lé wọn. Ẹ padà síbi bébà àná. Bí iná àti síìmù bá kún inú rẹ̀, ẹ ra Android kí ẹ sinmi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àmì èso tó wà lẹ́yìn fóònù dójú tì yín. Bí fídíò àti iṣẹ́ àwòrán bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa bá ìrìn wa lọ.

Ẹ má sì gbé gbogbo owó lé fóònù. Ṣájà gidi, páùṣì, síkíríìn gáàdì àti páwà báńkì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ pààrọ̀ bátìrì kí ọdún tó parí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ìwọ̀n kejì: ọ̀kan yìí gan-an

Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, ìbáà jẹ́ Computer Village tàbí Queen Cinema n'Íbàdàn. Oòrùn ń fi ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lójú fóònù hàn, ọlọ́jà kò sì tíì máa kánjú palẹ̀ mọ́. Ẹ mú síìmù yín, okùn ṣájà Lightning, dátà tí ẹ lè fi ṣe hotspot, àti ẹnì kan tí ọkàn rẹ̀ tutù. Inú ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ ti rà. Ẹ má ra ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀ lé yín lójú títì, bó ti wù kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó. Kò sẹ́ni tó mọ ọjà yẹn tí kò tíì gbọ́ ìtàn ẹni tó délé, tó ṣí páálí, tó bá nǹkan mìíràn nínú rẹ̀.

Ohun tó lè fòpin sí ìnájà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí kámẹ́rà, torí bí ojú bá ti gba àwòrán tó dára, ọwọ́ kì í fẹ́ dá fóònù padà mọ́.

Ẹ tẹ *#06# kí IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, jáde. Ẹ lọ sí “Settings”, “General”, “About”, kí ẹ wò ó níbẹ̀ náà. Ẹ yọ àwo síìmù síta. Nọ́ńbà yẹn wà lára rẹ̀ ní wẹ́ẹ́rẹ́. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Bí ti àwo bá yàtọ̀, ara fóònù mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́.

Lójú ìwé “About” yẹn kan náà, ẹ wo “Model Number”. Bí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá jẹ́ M, títà ni wọ́n ṣe é fún látìbẹ̀rẹ̀. F ni èyí tí Apple tún ṣe kí wọ́n tó tún un tà, N sì ni èyí tí wọ́n fi rọ́pò tẹni tí tirẹ̀ bàjẹ́. N àti F kò burú, ẹ kàn máa jẹ́ kí ọlọ́jà mọ̀ pé ẹ mọ̀. Ẹ wá sọ̀kalẹ̀ síbi “Carrier Lock”. “No SIM restrictions” ni kó wà níbẹ̀. Bí nǹkan mìíràn bá wà níbẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan nílẹ̀ òkèèrè ló ṣì de fóònù náà, ìyẹn ni wọ́n fi máa ń ki ṣíìpù tín-ín-rín sábẹ́ síìmù kó lè ṣiṣẹ́. Ẹ yẹ abẹ́ síìmù wò fúnra yín. Fóònù oníṣíìpù lè ṣiṣẹ́ lónìí, kó di “No Service” lẹ́yìn ọ́pùdéètì.

Ẹ wá ní kí ọlọ́jà pa gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ́ lójú yín. “General” náà ló wà: ẹ tẹ “Transfer or Reset iPhone” ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ wá tẹ “Erase All Content and Settings”. Kí ẹ fi hotspot yín ṣí i bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bó bá bèèrè àkántì Apple ẹlòmíràn, olówó rẹ̀ ṣì wà níbì kan, bóyá ó tiẹ̀ ń sunkún rẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá kọ “Remote Management”, iléeṣẹ́ kan ló ni ín, wọ́n sì lè tì í nígbà tó bá wù wọ́n. Ọlọ́jà tó bá ní òun ò lè pa á rẹ́ torí pé “ó máa pẹ́” ti dá yín lóhùn nìyẹn. Ẹ má gbọ́ ọ̀rọ̀ “bypass”, ìyẹn ọgbọ́n tí wọ́n fi ń fo títì yẹn kọjá. Ẹ dìde.

Bó bá yege dé ibí, àwọn àléébù tó kù jẹ́ ti owó.

Ẹ padà sí “About”, kí ẹ wò bóyá “Parts and Service History” wà níbẹ̀. Bí kò bá sí rárá, wọn kò tíì pààrọ̀ ojú tàbí bátìrì rẹ̀ lọ́nà tí fóònù náà mọ̀. Bó bá wà, tó kọ “Unknown Part”, ó ṣeé ṣe kí ohun tí wọ́n pààrọ̀ má jẹ́ ti Apple, tàbí kó jẹ́ ara fóònù mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́. Lẹ́yìn náà lẹ máa wá wo “Battery Health”, iye agbára tó kù fún bátìrì. Apple ní bátìrì iPhone 11 ní láti ku 80% lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba iná sí i, tí wọ́n sì lò ó tán, ní ìgbà 500. Bí ẹ bá rí 83, òótọ́ ọjọ́ orí ló ń sọ, ẹ fi owó bátìrì tuntun ná an. Bí ẹ bá rí 100 lára fóònù 2019, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín: wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ ni tàbí wọ́n ti tan nọ́ńbà náà jẹ. Èyí tó fi 84 hàn, tí kò sí “Unknown Part” lára rẹ̀, ni màá mú.

Ojú ló kàn. Ẹ tẹ áàpù kan mọ́lẹ̀ títí tí gbogbo wọn á fi máa gbọ̀n, kí ẹ wá wọ́ ọ káàkiri ojú fóònù, láti igun dé igun. Níbi tó bá ti já bọ́ lọ́wọ́ yín, ibẹ̀ ti kú. Ẹ má fojú kéré èyí, torí Apple fúnra wọn jẹ́wọ́ ní 2020 pé díẹ̀ lára iPhone 11 tí wọ́n ṣe láàárín oṣù kọkànlá 2019 àti oṣù karùn-ún 2020 ní ojú tí kì í gbọ́ ìfọwọ́kàn mọ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ọdún méjì péré ni ètò yẹn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tà á. Ẹ wá fa ojú rẹ̀ wálẹ̀ láti igun ọ̀tún, kí ẹ tẹ ibi ìmọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí “True Tone”, tó ń mú àwọ̀ ojú fóònù bá ìmọ́lẹ̀ àyíká mu, kò bá sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yí ojú náà padà.

Face ID, ìyẹn fífi ojú ṣí fóònù: ẹ fi ojú yín forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ gan-an, ẹ má gba “ó ń ṣiṣẹ́ o”. Bó bá ń sọ pé kí ẹ gbé e sókè, kí ẹ gbé e sílẹ̀, tí kò gbà, nǹkan kékeré tó wà lára wáyà spíkà òkè ti bàjẹ́, ó sábà jẹ́ ọwọ́ ẹni tó yí ojú rẹ̀ padà. Ara ẹ̀rọ yẹn nìkan ni wọ́n so wáyà náà mọ́. Ti fóònù mìíràn kò ní ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Mo ti fi àìmọ̀ ra irú rẹ̀ rí. Ẹni tó tà á fún mi tàn mí pé inú ṣọ́ọ̀bù ló ṣókùnkùn.

Ìyókù kò pẹ́. Ẹ ya fídíò pẹ̀lú kámẹ́rà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ máa sọ̀rọ̀, kí ẹ tún un gbọ́. Ẹ ti yẹ lẹ́ńsì, máìkì àti spíkà wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ki síìmù yín sí i, kí ẹ pe ẹnì kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ fi okùn tiyín gba iná sí i, kí ẹ mì ín díẹ̀. Ibi tó ti họ lára rẹ̀, ẹ má kà á sí, páùṣì á bò ó.

Ti omi ńkọ́? IP68 ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn mítà méjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọjọ́ tó jáde níléeṣẹ́ nìyẹn. Tí ẹnjiníà bá ti ṣí i lẹ́ẹ̀kan, gọ́ọ̀mù tó ń dá omi dúró ti já. Ẹ má rì í bọ omi nítorí fọ́tò.

Ìnájà àti rìsíìtì

Gbogbo àléébù tí ẹ rí lẹ máa fi ná an: bátìrì tó ti lọ sílẹ̀, ojú tí wọ́n ti pààrọ̀, Face ID tó kú. Ẹ fi iye owó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí “ẹ bá mi ṣe dáadáa” nìkan kì í yọ nǹkan kan kúrò. Rìsíìtì gbọ́dọ̀ ní IMEI, GB àti iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti dá a padà. Èyí tí ẹ yẹ̀ wò ni kí wọ́n gbé fún yín, kó má kúrò lójú yín bó ti wù kó rí. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n lọ “lẹ síkíríìn gáàdì” sí i ní yàrá ẹ̀yìn, ẹ tẹ̀ lé e wọlé, tàbí kí ẹ ní ẹ ó lẹ̀ ẹ́ níbòmíràn.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́

Ẹ má tíì kó gbogbo àwòrán àtijọ́ sínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ọ́pùdéètì, torí ibẹ̀ ni ṣíìpù àti “bypass” tó fara pamọ́ ti máa ń tú. Ẹ tan “Find My”, tó ń wá fóònù tó bá sọnù, sílẹ̀ pẹ̀lú àkántì tiyín, ẹ má ṣe gba àkántì tí ọlọ́jà bá “bá yín ṣí”. Ẹ wá lò ó bí ẹ ṣe lo ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì mú bébà tí ẹ kọ nílé. Bí fóònù bá kú kí ọjọ́ tí ẹ kọ sórí bébà náà tó dé ìrọ̀lẹ́, tàbí tó ń gbóná bí àkàrà nígbà tí ẹ ń ṣe ìpè lásán, ẹ má fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó tún ìwà rẹ̀ ṣe. Ẹ gbé e padà pẹ̀lú rìsíìtì, níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò tíì pé.